Bíà Dúdú Ọdún Kérésìmesì: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọ Wò, Àti Ibi Tí Òórùn Rẹ̀ Ti Ń Wá

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé bíà dúdú tí wọ́n pọn fún ọdún Kérésìmesì sún mọ́ imú sábà máa ń sọ pé, "Kànáfùrù wà nínú èyí." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó pọn ọtí náà kò fọwọ́ kan kànáfùrù rárá. Ohun mẹ́ta ló ń gbé òórùn wọ inú irú bíà yìí: ọkà tí wọ́n yan, ìwúkàrà tó sọ omi ọkà di ọtí, àti àwọn èròjà olóòórùn bíi sínámónì, atalẹ̀ àti èèpo ọsàn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jọra nímú, ìyẹn ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ la fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀. Christmas Ale, Winter Warmer, Noël, Kerstbier: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ orúkọ oríṣi bíà kan pàtó. Àsìkò ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Bíà tó bá jáde fún ọdún nígbà ọ̀gìnnìtìn lè jẹ́ orúkọ náà, ohun yòówù kó wà nínú ìgò. Samichlaus, tí wọ́n kọ́kọ́ pọn ní Zurich lọ́dún 1979, tó sì ti wá di ti ilé ìpọntí Eggenberg ní Ọ́stríà, ni wọ́n máa ń pọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, ní 6 Oṣù Kejìlá, ọjọ́ àjọ̀dún Nicholas Mímọ́. Agbára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n álíkóhọ́ọ̀lù inú rẹ̀, tó 14%, síbẹ̀ kò sí èròjà olóòórùn kankan nínú rẹ̀; mọ́ọ̀tì (ọkà tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n wá fi ooru gbẹ) àti ọ̀pọ̀ oṣù tó fi sinmi ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ti Great Lakes ní Cleveland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, jẹ́ 7.5%, oyin, atalẹ̀ àti sínámónì sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. N'Ice Chouffe ti Bẹ́ljíọ́mù jẹ́ 10%. Ewé táìmù àti èèpo ọsàn curaçao ni wọ́n fi sí i. Anchor ní San Francisco ń pọn tirẹ̀ láti 1975 títí ilé iṣẹ́ náà fi ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2023: ọdọọdún ni wọ́n ń yí ìlànà ìpọntí rẹ̀ padà, ọdọọdún náà ni wọ́n ń ya igi mìíràn sára lábẹ́lì, wọn kò sì jẹ́ kí ará ìta mọ èròjà tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọtí ti wá máa ń fúnni lámọ̀ràn díẹ̀. Nílẹ̀ Jámánì, òfin tí wọ́n ṣe ní Bavaria lọ́dún 1516 ní kí a má fi ohun mìíràn pọn bíà ju báálì, họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú kí bíà korò) àti omi lọ, ìdí sì nìyẹn tí bíà ọdún ti ìbílẹ̀ wọn kì í fi í ní èròjà olóòórùn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní winter warmer sábà máa ń jẹ́ ọtí mọ́ọ̀tì tó lágbára lásán. Àwọn ará Bẹ́ljíọ́mù àti Amẹ́ríkà ni ọwọ́ wọn dẹ̀ jù sí èròjà. Tí ẹ bá ń ra ọtí nítorí sínámónì, ẹ yí ìgò náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Àwọ̀ dúdú kì í ṣe agbára

Èyí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn èèyàn rò pé bí bíà bá ṣe dúdú tó ló ṣe máa le tó. Guinness tí wọ́n ń fà láti inú àgbá dúdú bí èédú, kò sì ju nǹkan bíi 4.2% lọ. Duvel, bíà Bẹ́ljíọ́mù kan, pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi wúrà, ó sì jẹ́ 8.5%.

Ọkà báálì tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀, tí wọ́n wá fi ooru gbẹ, ni mọ́ọ̀tì. Èyí tí wọ́n yan títí tó fi dúdú ló ń fún bíà láwọ̀, kì í sì í gbà ju díẹ̀ lọ: nínú kílò 5 mọ́ọ̀tì tí wọ́n fẹ́ fi pọn lítà 20, gíráàmù 250 mọ́ọ̀tì dúdú ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀ tó jinlẹ̀. Kílò mẹ́rin àti gíráàmù 750 tó kù, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ni ṣúgà tó ń di ọtí ti ń wá. Ohun tí àwọ̀ lè sọ fún yín ni irú adùn tí ẹ máa bá pàdé. Bó bá pọ́n bíi bàbà, ẹ máa retí èèpo búrẹ́dì àti ṣúgà tó ń jó. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tí iná ń là kọjá, ẹ máa retí èso àjàrà gbígbẹ àti ọ̀pọ̀tọ́. Bó bá dúdú pátápátá, kọfí àti ṣokoléètì tó korò ni. Àwọn apọntí Bẹ́ljíọ́mù tún máa ń lo ṣúgà olómi dúdú, èyí tó ń mú kí òórùn èso gbígbẹ pọ̀ sí i, tó sì ń mú kí ọtí náà ṣàn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu bó tilẹ̀ lágbára.

Kànáfùrù tí kì í ṣe kànáfùrù

Ìwúkàrà ni ìṣòro gidi. Nínú ọkà, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ferulic acid, tí kò ní òórùn. Àwọn ẹ̀yà ìwúkàrà kan, pàápàá èyí tí wọ́n ń lò ní Bẹ́ljíọ́mù àti èyí tí wọ́n fi ń pọn bíà ọkà wíìtì ní Bavaria, máa ń yí i padà sí 4-vinyl guaiacol, òórùn kànáfùrù sì ni òórùn rẹ̀. Ìwúkàrà kan náà tún ń ṣe isoamyl acetate, tó ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Ẹ fi èyí kún mọ́ọ̀tì dúdú, ẹ ó rí ọtí tí gbogbo ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ máa búra pé wọ́n da ìdajì àpò èròjà sí.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Kànáfùrù ti ìwúkàrà kì í dá wá. Òórùn èso máa ń bá a rìn, ó máa ń fẹ́rẹ̀ dà bí ata gbígbẹ nígbà míì, bí ẹ bá sì ti gbé ọtí mì, ó ti lọ. Kànáfùrù gidi ní eugenol nínú, ohun kan náà tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò láti pa ìrora. Ó máa ń dúró sẹ́nu, tó bá sì pọ̀ díẹ̀, ṣóńṣó ahọ́n yóò kú bí ẹni pé abẹ́rẹ́ eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ahọ́n yín bá kú lẹ́yìn ìgbémì kejì sí ìkẹta, ẹ má wulẹ̀ jiyàn mọ́: wọ́n fi kànáfùrù sí i, ó sì pọ̀ jù.

Sínámónì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kò ní ṣúgà, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti mọ̀ ọ́n mọ́ ohun dídùn, nítorí náà ó máa ń mú kí bíà tó gbẹ dà bí èyí tó dùn. Fànílà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ di imú yín, ẹ mu díẹ̀, kí ẹ sì mú un sẹ́nu. Bí adùn náà bá pòórá, òórùn lásán ni. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ṣúgà mọ́ọ̀tì tí ìwúkàrà kò jẹ tán ni. Ẹ wá tú imú sílẹ̀. Ohun gbogbo tó bá ya wọlé lójijì jẹ́ ti òórùn. Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí a ń ṣe sí irú ọtí yìí, èyí ló wúlò jù, owó kankan kò sì jáde lápò.

Atalẹ̀ àti álíkóhọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń ṣì mú fún ara wọn. Àwọn méjèèjì ń gbóná. Gbígbóná álíkóhọ́ọ̀lù máa ń kan imú kó tó kan ẹnu, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà, ó sì máa ń tètè kọjá. Atalẹ̀ kì í yára; ó máa ń dé lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ọtí mì, ó máa ń jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun, ìgbémì kọ̀ọ̀kan sì ń kún ti ìṣáájú. Tí ọtí 6% bá ń jó yín lọ́fun, ó dájú pé kì í ṣe álíkóhọ́ọ̀lù ló ń jó yín.

Èèpo ọsàn ni ẹ máa gbọ́ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fa òórùn, nítorí òróró rẹ̀ ń tètè fò lọ. Bó bá jẹ́ pé ìkorò ló kù sẹ́yìn ahọ́n, awọ funfun abẹ́ èèpo ló bá a wọlé. Kọriáńdà ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti òdòdó. Nutmeg dà bí igi gbígbẹ, ó sì ń korò bó bá pọ̀.

Bí a ṣe ń tọ́ ọ wò

Ìgbóná-òun-ìtutù ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Fíríìjì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 4°C. Ní ibi tó tutù bẹ́ẹ̀, òórùn kò ní fò jáde láti inú ọtí, ìkorò àti afẹ́fẹ́ tó ń ta lẹ́nu ni yóò gba iwájú, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé kí ni wọ́n ń pariwo lé lórí. Láàárín 10°C sí 13°C ni bíà dúdú olóòórùn ti ń sọ̀rọ̀. Ìgò mílílítà 330 nílò nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú níta fíríìjì nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí ẹ dà á nígbà tó ṣì wà ní nǹkan bíi 8°C, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ́. Ọsàn àti ata ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Ṣokoléètì, èso gbígbẹ àti álíkóhọ́ọ̀lù yóò tẹ̀ lé e. Bó bá kọjá 16°C, álíkóhọ́ọ̀lù á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ife tí ikùn rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì fún díẹ̀ ló yẹ, torí ó ń kó òórùn jọ. Ẹ má kún un. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ ti tó. Ife ìmutí wáìnì dára. Ife onígun gbọọrọ tí wọ́n ń mu bíà tútù nínú rẹ̀ kò dára, kódà bí orúkọ ilé iṣẹ́ náà bá wà lára rẹ̀. Kí ife náà mọ́ tónítóní, kó má sì ní òróró tàbí ìyókù ọṣẹ: bí ẹ bá rí i tí èéhó afẹ́fẹ́ kéékèèké ń lẹ̀ mọ́ ara ife lábẹ́ ọtí, ife náà kò mọ́, ìfófòó náà kò sì ní pẹ́ kó tó wálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ bíà ọdún ti Bẹ́ljíọ́mù ni ìwúkàrà ṣì wà nísàlẹ̀ ìgò wọn. Ẹ gbé ìgò náà nàró fún ó kéré tán ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹ bá ń dà á, ẹ tẹ ife, ẹ dà á láìdáwọ́dúró, kí ẹ sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò sí ewu nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí búrẹ́dì tútù, ó sì ń bo èròjà mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ èyí tó mọ́ wò. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè wá da ìyókù sí i, kí ẹ rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa òórùn kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta láìti imú bọ inú ife. Ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ rọra yí ife ká, kí ẹ wá fa òórùn gígùn kan. Òórùn kan náà máa ń tètè sú imú. Bó bá ti sú, ẹ gbóòórùn ẹ̀yìn ọwọ́ tiyín, yóò padà bọ̀ sípò. Ẹ mu nǹkan bí mílílítà 15 sí 20, ẹ jẹ́ kó kárí ẹnu fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e mì, kí ẹ wá pa ẹnu dé, kí ẹ sì mí síta láti imú. Ibẹ̀ ni èròjà ti ń fi ara rẹ̀ hàn jù, nítorí òórùn ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú. Àwọn tó ń tu bíà dànù bí àwọn atọ́ wáìnì wò ń pàdánù apá yìí. Ẹ má fi ìgbémì àkọ́kọ́ ṣèdájọ́. Ẹnu ṣì ń bá ohun tuntun mọra. Ìkejì ni ká kọ sílẹ̀.

Ohun tó wà ní àyíká tún ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àsìkò ọdún gan-an ni wọ́n ń tan àbẹ́là olóòórùn sínámónì káàkiri ilé, tí igi páìnì sì wà ní igun yàrá. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ sínámónì inú ife yàtọ̀ sí ti inú afẹ́fẹ́. Ẹ pa àbẹ́là. Ẹ má lo lọ́fíńdà, ẹ má sì fọ eyín tàbí mu kọfí ní wákàtí kan ṣáájú. Omi lásán àti búrẹ́dì tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ ló ń fọ ẹnu mọ́ láàárín ọtí kan sí èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ju ẹyọ kan wò, ẹ má kọjá mẹ́rin, mílílítà 60 sí 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ní èròjà ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà èyí tí èròjà rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kí èyí tó ní atalẹ̀ tàbí kànáfùrù púpọ̀ kẹ́yìn, torí kò sí ohun tí ẹ tún lè tọ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ sì máa ṣírò: ìgò mílílítà 330 tó jẹ́ 10% ní mílílítà 33 álíkóhọ́ọ̀lù nínú, ìlọ́po méjì ti ìgò kan náà tó jẹ́ 5%. Adùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn tètè mọ̀. Ẹni tó máa wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá wọn jókòó sídìí rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè kọ́ imú yín

Ẹ ra bíà dúdú lásán tí kò korò jù, tí kò sì ní èròjà. Ẹ mú èròjà mẹ́rin: sínámónì, kànáfùrù, atalẹ̀ gbígbẹ, èèpo ọsàn tí ẹ ti yọ awọ funfun rẹ̀ kúrò. Ẹ fọ́ gíráàmù 5 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú mílílítà 50 vodka, nínú ìgò kékeré tó ní ìdérí, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá da bíà mílílítà 100 sínú ife márùn-ún, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi nǹkan sí i. Ẹ kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sínú àwọn yòókù títí ẹ ó fi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ kọ iye ẹ̀kán náà sílẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kànáfùrù yóò yà yín lẹ́nu. Ẹ̀kán kan tàbí méjì lè ti tó, nígbà tí atalẹ̀ ṣì ń wá ibi tó máa wọlé. Ẹ kọ nọ́ńbà sábẹ́ ife, kí ẹlòmíràn yí wọn po, kí ẹ wá dá wọn mọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ṣe é láìwo lábẹ́lì lẹ máa mọ bí ojú ṣe ń tan ẹnu jẹ tó.

Ìdí kan náà ni àwọn tó ń pọn ọtí nílé kì í fi í fi ju kànáfùrù mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú lítà 20, pẹ̀lú igi sínámónì kan tàbí méjì, atalẹ̀ tútù gíráàmù 20 àti èèpo ọsàn méjì, ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn sísè. Bí wọ́n bá fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, òórùn á bá ooru lọ, ìkorò igi ló máa kù. Bí wọ́n bá lo èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, ọtí náà á máa fún ẹnu pọ̀ bíi tíì tó pẹ́ jù lórí iná.

Ohun tó bàjẹ́, àti ohun tó kàn dàgbà

Èròjà máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀, nítorí náà ó yẹ ká mọ ohun tí a ń wá. Òórùn páálí tí omi rin túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ wọ ọtí tàbí pé ooru ti bà á jẹ́ ní ilé ìtajà. Òórùn bọ́tà tó lẹ̀ mọ́ ẹnu jẹ́ ti ìpọntí tí wọ́n kánjú parí. Òórùn báńdéèjì àti oògùn ilé ìwòsàn sábà máa ń jẹ́ ti klórínì inú omi. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kànáfùrù ni. Bí ọtí bá hó jáde láti ìgò lójijì tó sì kan, kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú rẹ̀.

Bíà tó bá ju 8% lọ lè pẹ́ fún ọdún mélòó kan nínú òkùnkùn, ní nǹkan bíi 10°C sí 13°C, ní ìnàró. Ṣùgbọ́n èròjà kì í bá ọtí dàgbà lọ́gbọọgba. Èèpo ọsàn àti kọriáńdà ló ń kọ́kọ́ lọ. Atalẹ̀ ń rọ̀. Sínámónì àti kànáfùrù ló ń pẹ́ jù, mọ́ọ̀tì náà á sì máa sún mọ́ èso gbígbẹ àti wáìnì sherry. Bó bá wá dé ibi tó ń rùn bíi soy sauce, ó ti kọjá àkókò. Èyí tí kò tó 7%, tó sì jẹ́ pé èròjà ni wọ́n fi gbé e dìde, kò sí ìdí láti tọ́jú rẹ̀: ẹ mu ún ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn tí ẹ rà á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èyí tó lágbára ṣe ń yí padà, ìgò méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ kọ ọdún sára èyí tí ẹ máa tọ́jú, kí ẹ wá ṣí i lọ́dún tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ìyẹn tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tí kì í yí ìlànà rẹ̀ padà lọ́dọọdún.